Bí A Ṣe Dìde fún Emmett Vasko

                                                            Ojúlé 14, Òpópónà Tamarack,
                                                            Port Hadley, Ohio.
                                                            Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ, ọdún 2019.

Lowell, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ara rẹ ńkọ́? Ẹ̀dọ̀fóró rẹ tó gbé ọ sá kúrò lọ́dọ̀ wa ńkọ́, ṣé ó ń mí dáadáa lọ́hùn-ún? Bernadine ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ̀ ti gbà á láàyè láti padà sídìí òdòdó rẹ̀, àbí igi ẹlẹ́gùn-ún nìkan ni ilẹ̀ ibẹ̀ gbà kí èèyàn gbìn? O kọ̀wé sí mi pé ooru Arizona kò burú, nítorí pé ooru gbígbẹ ni. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Inú ààrò náà gbẹ, Lowell. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń jẹun, tí ẹ sì ń rí oorun sùn, ọpẹ́ ló yẹ wá. Ní tèmi, mo wà. Ẹ̀yìn máa ń dùn mí bí mo bá jókòó pẹ́, o sì mọ̀ pé jíjókòó pẹ́ ni iṣẹ́ tó kù fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tó tún wá jẹ́ olólùfẹ́ ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù wa, àwọn Pẹ́pẹ́yẹ.

O ti gbọ́ pé wọ́n ti fi Emmett ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn. Kò sí bí o kò ṣe ní gbọ́. Ìwọ lo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́ amúbọ́ọ̀lù ní pápá ẹ̀yìn ilé ìwé wa, èmi ni mo kọ́ ọ pé gbólóhùn gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀-ìṣe. Ìwé ìròyìn ti sọ tirẹ̀, rédíò náà ti sọ tirẹ̀. Èyí tí kò sí lẹ́nu àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ kọ sí ọ.

Kí n kọ́kọ́ jíhìn ẹgbẹ́ wa, kí o lè mọ irú ilé tí ọmọ náà ti kúrò. Àwọn Pẹ́pẹ́yẹ wà ní ìsàlẹ̀ tábìlì líìgì, níbi tí a ti bá wọn lọ́dún tó kọjá. Wọn kò yẹsẹ̀. Ìdúróṣinṣin ni mo máa ń pè é tí àlejò bá béèrè. Lindqvist, ajubọ́ọ̀lù wa àkọ́kọ́, ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń fọ́n àgbàdo fún adìyẹ: gbogbo ẹni tó bá dúró síwájú rẹ̀ ló ń yó. Àwọn mẹ́ta tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá, ìwà ọmọlúàbí tiwọn ti pọ̀ jù. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ láti òkè, oníkálukú á máa fi lọ ẹnì kejì rẹ̀, títí yóò fi bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń lù ú bó ṣe yẹ, tó sì ń mú un bó ṣe yẹ, ni Emmett, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, tí orúnkún rẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn àtijọ́ nígbàkigbà tó bá lóṣòó sẹ́yìn alùbọ́ọ̀lù.

Ọ̀gá tó ń rà wọ́n tó sì ń tà wọ́n ni Trevor Hollingsed. Ìwọ ti ṣí lọ kó tó dé, orí yọ ọ́. Yunifásítì ńlá kan ló ti wá. Ọkùnrin náà kì í sọ pé wọ́n nà wá. Ó ní a ń kó ẹ̀kọ́ jọ. Kì í pe agbábọ́ọ̀lù ní èèyàn; dúkìá ló ń pè wọ́n. Ìbá ṣe kíláàsì mi ló wà, bírò pupa ìbá tán lórí ìwé rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí yìnyín bá ti yọ́, yóò fa ọmọ kan jáde pé òun ni olùgbàlà wa lọ́la. Àwọn àgbà ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Ti Hollingsed, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń ṣe ṣámúṣámú. Olùgbàlà àkọ́kọ́ ti ń ta ọkọ̀ ojú omi ní Sandusky báyìí, wọ́n ní ọjà rẹ̀ ń tà dáadáa. Ẹnì kejì ṣì ń bọ̀. Ó ti ń bọ̀ tipẹ́, bí òjò tó ṣú sórí adágún wa, tó sì lọ rọ̀ sí Canada.

Nínú oṣù kẹfà ni a gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan ní California, àwọn tó wà lókè tábìlì, ń fẹ́ Emmett. Wọ́n ní àwọn ọmọdé ajubọ́ọ̀lù, wọ́n wá ń wá àgbà tí yóò máa darí wọn. O mọ òfin líìgì: ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́wàá, tó sì ti lo márùn-ún tó kẹ́yìn pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan, ẹnikẹ́ni kò lè gbé e lọ síbì kan àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá gbà. Emmett kò gbà. Gbogbo ìlú yọ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ síta nínú wa pé ọmọ náà kò tíì gbá bọ́ọ̀lù rí ní oṣù kẹwàá, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n gbá bá ń du ife, ohun kan ṣoṣo tó sì ti ń wá láti kékeré nìyẹn. Orúnkún rẹ̀ kò lè ju ọdún yìí lọ. Pẹ́pẹ́yẹ kò sì ní gbé e dé ibẹ̀ láyé, àfi bí wọ́n bá sún ìdíje náà sí oṣù kẹrin, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù. Lẹ́yìn èyí, Joelle ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, àkọ́bí wọn lẹ́yìn ọdún pípẹ́.

A wá dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, tó ku ọ̀la kí wọ́n ti ọjà pàṣípààrọ̀. O rántí bí a ṣe máa ń ṣe ní ìparí oṣù keje: a kì í wo pápá mọ́, ibi ìjókòó àwọn agbábọ́ọ̀lù là ń wò. Bí wọ́n bá yọ ẹni tí kò fara pa láàárín eré, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń dì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti tà á nìyẹn. Ọ̀sán ni eré náà, oòrùn ń ta. Ní ìpele karùn-ún, kóòṣì yọ Emmett. Kò tiro, kò di ibì kan mú. Ó wọlé sábẹ́ òrùlé, ẹnì kan sọ̀rọ̀ sí i létí, ohun tí a tún rí ni Lindqvist tó dì mọ́ ọn. Àwọn yòókù tò sẹ́yìn.

Verlene Odom, tó máa ń dáná fún wa nílé ìwé, ló jókòó tì mí. Ó di apá mi mú.

"Tíṣà, wọ́n ti tà á."

"Verlene, fara balẹ̀. Ó lè jẹ́ orúnkún ló ń dùn ún."

"Ta ló máa ń tò láti dì mọ́ ẹni tí orúnkún ń dùn? Ẹ wo Lindqvist o, ó ń nu ojú."

Gus Petrakis wà lẹ́yìn wa pẹ̀lú rédíò rẹ̀ àti ẹ̀pà rẹ̀. "Lindqvist náà yẹ kó sunkún," ó ní. "Ta ló tún máa bá a mú ìjùkujù tó ń jù?"

Verlene tú apá mi sílẹ̀. Ó dìde, omi ń dà lójú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ìlà wa dìde. Èmi náà dìde, pẹ̀lú bó o ṣe mọ̀ mí tó. Ká tó mọ̀, gbogbo pápá ti wà lórí ìdúró. Kì í ṣe pé a pọ̀, o mọ bí àga wa ṣe máa ń ṣófo tó láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó jókòó. Ẹni tó ń tẹ dùùrù bọ́ sínú orin ìdágbére. Ajubọ́ọ̀lù àwọn àlejò kúrò lórí òkìtì rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ń dúró. Emmett jáde wá. Ó wò wá yí ká bí ẹni tó wọ ilé tí kò mọ̀, ó gbé fìlà sókè, ó fọwọ́ lé àyà, ó sáré gba ọ̀nà abẹ́ àga lọ. A ṣì ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí Gus gbé rédíò rẹ̀ sókè.

"Wọ́n ní ìyàwó ẹ̀ ń rọbí."

"Kí lo wí?" Verlene yíjú sí i.

"Joelle ń rọbí. Wọ́n ń bá a yọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó tà á."

Verlene wò ó, ó wò mí, ó jókòó. "Ẹ bá mi gba omijé mi padà lọ́wọ́ wọn," ó ní. "Mo lè nílò rẹ̀ lọ́la." Ó fi bébà tí ó fi mú búrẹ́dì onísọ́séèjì nu ojú, ọbẹ̀ mọ́sítáàdì kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín pa wá. Wọ́n lù wá ní méjì sí mẹ́sàn-án lọ́jọ́ náà, a sì ń kọrin lọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì, kí aago mẹ́rin tó lù, wọ́n kéde pé Emmett ń lọ sí California. Ohun tí a gbà ni ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì kan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ran ìgúnpá rẹ̀, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mọ́dún, bí kò bá ṣe ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹnì kejì ni "agbábọ́ọ̀lù tí a ó dárúkọ nígbà tó bá yá". Mo mọ̀ pé àṣà líìgì ni. Jẹ́ kí n bínú ná. Nígbà tí mo ń kọ́ni, bí ọmọ kan bá kọ ọ́ sí iwájú ìbéèrè mi pé ìdáhùn ń bọ̀ nígbà tó bá yá, òdo ló ń gbé lọ sílé. Hollingsed kọ ọ́, àwọn oníròyìn sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé Verlene ni a ti wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin náà ní fèrèsé ìṣẹ́gun wa kò tì, òun kàn sún un sí ọdún iwájú ni.

"Kó bá fèrèsé ọ̀hún já bọ́," Verlene wí.

Ó tún ní Emmett fúnra rẹ̀ ló gbà láti lọ. Èmi ni mo sọ níbẹ̀ pé irọ́ ni. Mo ní mo kọ́ ọmọ náà, mo mọ̀ ọ́n, wọ́n ti halẹ̀ mọ́ ọn ni. Gus ya pátákó kan tí ó fẹ́ gbé dúró síwájú ọ́fíìsì wọn, ó kọ èébú sí i, àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú èébú náà. Mo bá a tún un ṣe. Kò yẹ kí á fi gbólóhùn tó wọ́ bú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo yan makaróònì pẹ̀lú wàràkàṣì, mo gbé e lọ kí Emmett àti Joelle. Obìnrin ni ọmọ náà, Marta ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Emmett tó ti lọ. Àpótí wà káàkiri ilẹ̀, nítorí àwọn ará California fún un ní ọjọ́ díẹ̀ péré nítorí ọmọ. Ó gbé Marta sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù ú sí i.

"Tíṣà, ẹ má bínú sí mi," ó ní.

"Hollingsed ni mò ń bínú sí."

"Ẹ fi bàbá yẹn sílẹ̀, mà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀. Ẹ̀yin ni mò ń rò. Mo ní tí mo bá lọ, ẹ ò ní dárí jì mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo rí gbogbo yín lórí ìdúró, ẹ̀yin tí ẹ kì í dìde fún nǹkan kan, mo ní, hẹn, wọ́n ti mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ó ń wù mí, wọ́n sì ní kí n máa lọ. Ẹkún ni mo sun dé ọsibítù. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo pe Hollingsed pé mo gbà."

Joelle wà lórí àga tó fi ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. "Mo sọ fún un pé bóyá nítorí ọmọ ni ẹ ṣe pàtẹ́wọ́," ó ní. "Ó ní Màmá Verlene ń sunkún. Ó ní ta ló ń sunkún báyẹn torí pé wọ́n fẹ́ bímọ?"

"Ẹ̀yin náà dìde, Tíṣà," Emmett wí. "Mo rí yín."

Lowell, o mọ ẹnu mi. Mi ò lè rí àmì ìdánudúró tó ṣi ipò kí n má tọ́ka sí i. Mo wo ọmọ náà, mo wo àpótí, mo wo orúnkún tó nà síwájú mi tí kò ní ju ọdún yìí lọ.

"Mo dìde, Emmett," mo ní. "Èmi ni mo pẹ́ jù kí n tó jókòó."

Joelle wò mí. Mo rò pé ó yé e. Ó na ọwọ́ gba àwo makaróònì, ó ní ó ti tutù, òun ń lọ gbé e gbóná.

Nítorí náà, kì í ṣe Hollingsed ló ta ọmọ wa. Ọwọ́ ara wa la fi ṣe é, a sì pàtẹ́wọ́ sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta tí ọkùnrin náà sọ òtítọ́, èmi tí mo ń ṣàtúnṣe gbogbo ayé ni mo pè é ní òpùrọ́. Mi ò tíì lọ tọrọ àforíjì. Mo ṣì ń kó ẹ̀kọ́ jọ.

Mo sọ fún Verlene àti Gus. Verlene ń ro tíì rẹ̀ títí ó fi tutù, ó wá ní, "Ká ní mo jókòó jẹ́ẹ́." Gus fi pátákó rẹ̀ dí ihò ilé ajá. Ṣùgbọ́n ẹnu wa kò ní í ṣí. Emmett ní òun máa wá kí ọ bí wọ́n bá wá gbá bọ́ọ̀lù ní Arizona. Bó bá dárúkọ ìpàtẹ́wọ́ náà, jọ̀wọ́, má ṣe òtítọ́ kóòṣì rẹ yẹn. Sọ fún un pé Port Hadley ní kó máa lọ. Kì í ṣe irọ́. A kàn ò tíì mọ̀ nígbà yẹn ni.

Bá mi kí Bernadine, kí o sì sọ fún un pé mo ṣì ń lo abọ́ tó fi sílẹ̀. Verlene ní kí o jẹ ewébẹ̀. Gus ní òun kò lè tẹ̀ lé ẹgbẹ́ California tí fìlà rẹ̀ ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó ti ra ọ̀kan. Ilé Verlene ni a ó ti máa wò wọ́n ní oṣù kẹwàá. Bí Emmett bá gbé igi dání, tó rìn jáde wá, gbogbo wa ni yóò dìde ní pálọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yìn mi tó ń dùn mí. Ìyẹn, a ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì bẹ̀ pé kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀,

Winifred Stasny