Omi Tí A Dà Sí Ẹsẹ̀ Ìyàwó Ràṣídì

Ọjọ́ Àìkú, oṣù Kẹwàá, 1988. Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni.

Láàárọ̀ yìí, nílé ẹbí wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, àbúrò mi Ràṣídì mú ìyàwó tó fẹ́ ní Kirkuk, ìlú tó ti kàwé ní Ìráàkì, wálé. Nẹsirínì lorúkọ rẹ̀. Bí Ìyá wa ṣe da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí a ti ń ṣe fún ìyàwó, ńṣe ni Nẹsirínì bú sẹ́kún. Igbá omi ṣì wà lọ́wọ́ Ìyá.

Ràṣídì ló là á yé wa. Ní ìlú wọn, ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò ni wọ́n ń da omi tẹ̀lé, kó lè padà láyọ̀. Nẹsirínì rò pé a ń lé òun lọ ni!

"Ṣé àṣà ẹ̀yà tirẹ̀ nìyẹn?" Ìyá béèrè.

Ràṣídì fi èdè Lárúbáwá bi ìyàwó rẹ̀. "Ó ní gbogbo ẹ̀yà ìlú wọn ló ń ṣe é, Ìyá."

Ẹ̀yà Kúrídì ni bàbá rẹ̀, ẹ̀yà Tọ́kímánì ni ìyá rẹ̀, àwọn Lárúbáwá àti àwọn Kìrìsìtẹ́nì ló sì ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn lọ́tùn-ún lósì, nísàlẹ̀ òkè tí odi àtijọ́ wà. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ń sọ pé àwọn làwọn tẹ ìlú dó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ da omi yẹn.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé gbogbo wọn ló jọ dé ìlú náà o."

Nígbà tí mo jáde láti padà bọ̀ sílé mi níbí nírọ̀lẹ́, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìyàwó wa ni, tòun ti igbá Ìyá. Ó da omi tẹ̀lé mi, etí ìró mi sì tutù.

Àṣé èmi ni àlejò. Òun ti di onílé.