Píánò Eléyín Méjìdínláàádọ́rùn-ún

Igbódìgò,
Ọjọ́ kejì lẹ́yìn Ìkórè, 1996.

Dominic ọmọ mi,

Bí a ṣe jí lónìí tí ẹsẹ̀ wa ń gbé wa, bẹ́ẹ̀ ni kí o máa jí n'Íbàdàn lójoojúmọ́, kí iṣẹ́ rẹ má di ẹrù lé ọ lórí. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, abo ni méjèèjì. Tíṣà Olúfúnmilọ́lá ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bá mi tún un ṣe.

O rántí pé ní ìkórè èṣí, o ní o kò ní lè wá bá wa lu dùùrù, pé kíbọ́ọ̀dù ìjọ wa kéré, pé eyín tí ẹ ń tẹ̀ lára rẹ̀ kò ju mọ́kànlélọ́gọ́ta lọ, pé ọwọ́ rẹ á máa jábọ́ sí òfìfo. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ọdún mẹ́ta rèé tí ìyá rẹ kò fojú kàn ọ́. Mo ní bó bá jẹ́ eyín ló dá ọmọ mi dúró, a óò wá eyín. Mo dìde ní ìpàdé ìjọ, n kò jókòó títí wọ́n fi gbà pé ká pààrọ̀ rẹ̀.

Èmi àti kátíkíìsì àti Àrìnkẹ́ olórí akọrin la wọ takisí lọ sí Òkìtìpupa. Píánò oníná méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Àrìnkẹ́ rí ọ̀kan tó ń tan iná pupa, tó tún ń lu ìlù fúnra rẹ̀, ó ní òun ti rí ọkọ. Mo ní rárá o, ọmọ mi kọ̀wé pé èyí tí eyín rẹ̀ wúwo ni ká rà. Mo gbé oníná pupa lé èjìká, mo sọ̀ ọ́, mo gbé èkejì, ẹ̀yìn mi dún. Mo ní eléyìí ni. Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín títí, ó ní Bàbá, ìka la fi ń wọn ìwúwo eyín, kì í ṣe èjìká. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó tì mí padà bí àgbò tó ń kọ okùn. Èjìká mi kò kúkú purọ́. Mo ka eyín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó pé méjìdínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n gba kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ lọ́wọ́ wa, a fowó lé e. Àrìnkẹ́ ní bí pósí ló ṣe rí, pé bí kò bá kọrin lọ́jọ́ ìkórè, òun á dá a padà, òun á sì gbé oníná pupa òun bọ̀.

Ọlọ́jà kìlọ̀ pé kí ọ̀rinrin má kàn án. Òjò àrọ̀kúrò sì ń rọ̀, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò, mo bá gbé e wálé. Mo ro ó títí: kí ni ọ̀rinrin kì í kàn nínú ilé wa? Púpurú ni, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí à ń yan gbẹ lórí èéfín. Ni mo bá gbé píánò sórí àjà ìdáná, láàárín púpurú ìyá rẹ, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, iná kékeré ni mo sì dá. Àrìnkẹ́ wọlé wá ra púpurú, ó rí i, ó figbe ta pé Bàbá Dominic ti yan píánò ìjọ bí ẹja!

Kí ìkórè tó pé, gbogbo ìlú ti gbọ́. Díẹ̀ ló kù kí n sá lọ sí ìlú Iyansan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, Mákánjúọlá tó ń bá wa lù ú jókòó, ó tẹ̀ ẹ́. Dominic, ohùn jáde! Ó dún débi tí bẹ́ǹṣì gbọ̀n. Àrìnkẹ́ ló kọ́kọ́ dìde jó. Òórùn púpurú gba inú ṣọ́ọ̀ṣì, kátíkíìsì gé ìwàásù kúrú, ó ní ebi ti ń pa àwọn ènìyàn Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni Mákánjúọlá mọ̀ ọ́n fi lù. Àwọn eyín tó wà lápá òsì pátápátá, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Lánàá mo lọ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà rò pé àwọn yòókù nìkan la rà.

Bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ti aṣọ tí a óò fi bò ó àti ti epo jẹnẹrétọ̀. Bí kò bá sí owó, má wulẹ̀ yá a. Gbé ọwọ́ òsì rẹ wá ní Kérésìmesì. Bí o bá sì tún rí i pé nǹkan kan kù, tètè kọ ọ́ wá, mo ṣì lágbára láti dìde ní ìpàdé.

Olúwa yóò ṣọ́ ìka rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọ̀nà ilé kò ní dí mọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ, Akínrẹ̀mí. Àtàǹpàkò mi ni mo tẹ̀ sísàlẹ̀ yìí.