Ikú Kẹ́tù Ẹgbẹ́ Wa

Saxley, Norfolk
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, 1929

Lionel ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo gbàgbọ́ pé àlàáfíà ni lẹ́tà yìí yóò bá ọ, ìwọ àti ẹṣin tuntun rẹ. Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn tó wúwo ni mo ní: kẹ́tù tí ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì wa fi ń se tíì ti kú. Ìdí rẹ̀ ló jò lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, ó dákẹ́. Gbogbo wa dìde dúró fún un.

Ó dùn mí ju àwọn yòókù lọ, nítorí èmi àti kẹ́tù yẹn nìkan la mọ bí o ṣe di alábòójútó ilẹ̀ Ọba.

Rántí ọjọ́ tí àwa tó níyàwó bá ẹ̀yin àpọ́n figagbága. Mo ju bọ́ọ̀lù sí ọ, Wharton hán an lẹ́yìn rẹ, a pariwo pé ó kan igi tí o fi ń gbá bọ́ọ̀lù, pé kí o jáde. Adájọ́ ní kò kàn án, kí o máa bá eré rẹ lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́tù fọn fèrè pé tíì ti hó, ni o bá ki igi bọ abíyá, o jáde bí ẹni tó gbà pé bọ́ọ̀lù kàn án. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìjòyè Ọba kan tó wá wòran, tó jókòó sábẹ́ igi ńlá, nu ojú, ó ní, "Ẹni tó lè dá ara rẹ̀ lẹ́bi báyìí ló yẹ kó máa ṣọ́ ilẹ̀ Kábíyèsí." Èmi nìkan ni mo gbọ́ ohun tí o sọ bí o ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Enoch, ṣé kéèkì ṣì kù?"

Kéèkì yẹn ti wá di ilé onífèrèsé méjìlá fún ọ báyìí, pẹ̀lú igbó àgbọ̀nrín. Èmi ṣì ń wọn ọkà nílé ìlọ̀. Láàárọ̀ yìí, Hester ìyàwó mi rí orúkọ rẹ, Lionel Gurdon, nínú ìwé ìròyìn, ó ní, "Bàbá Edith, ẹgbẹ́ ẹ ń bá Ọba sọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín, ìwọ ń bá eku jà. Ṣé kò sí nǹkan kan tí ìwọ náà lè jẹ̀bi ẹ̀ ni?"

Mo mú kálàmù láti kọ òtítọ́ nípa kéèkì yẹn ránṣẹ́ sí ìjòyè náà. Mo ṣí ìwé tí ẹgbẹ́ wa ń kọ àbájáde eré sí kí n lè mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Gurdon: Tuddenham ló jù ú, Wharton ló hán an." Lionel, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ju bọ́ọ̀lù. Ìwọ nìkan ni mo lé jáde rí.

Mo dá kálàmù padà.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹṣin rẹ máa rọra rìn. Kí òrùlé rẹ má jò, àfi díẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, ẹni tó lé ọ jáde,
Enoch Tuddenham

Àfikún: ÌKÉDE LÁTI ỌWỌ́ AKỌ̀WÉ ẸGBẸ́ KÍRÍKẸ́Ẹ̀TÌ SAXLEY. Ìgbìmọ̀ jókòó lónìí, wọ́n sì fi ohùn kan fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bọ́ọ̀lù náà kan igi, ó sì kàn án gbàà. Ẹgbẹ́ yìí kò ní kẹ́tù kankan tó ń fọn fèrè rí. Àwọn tó jókòó: E. Tuddenham.