Ẹni Tí Kò De Kọ̀ǹpútà Mi

Ibafo,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ròkíátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Ìlọrin tí o wà. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Ara tèmi náà le, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Mo gbé fóònù títí láti bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo tún ń gbé e sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo sì fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ sí ọ.

Iṣẹ́ tí o rán sí mi lórí fóònù lóṣù tó kọjá ni n kò tíì fèsì sí. O ní o ti gbọ́ ohun tí Ọ̀gá Ṣàràfá, ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́, fi ojú mi rí, pé wọ́n fi oògùn de kọ̀ǹpútà mi, àti pé o ti ní kí Nurat àbúrò rẹ má lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ní Mowe mọ́. O tún kí mi kú orí ire pé ó ti tú. Ròkíátù, Ọ̀gá kò de nǹkan kan. Èmi ni mo bà wọ́n lórúkọ jẹ́, ẹnu ara mi yìí ni mo sì fi ṣe é.

O rántí pé lọ́jọ́ tí a gba fírídọ̀ọ̀mù, kọ̀ǹpútà ni Ọ̀gá fi ta mí lọ́rẹ. Windows ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá fọwọ́ ara wọn gbé Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí fáírọ́ọ̀sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì má baà máa ba iṣẹ́ mi jẹ́. Bí mo bá tan ẹ̀rọ náà, yóò bi mí èwo nínú méjèèjì ni mo fẹ́. Windows ni mo fi ń tẹ ìwé fún ènìyàn. Linux ni mo fi ń ṣe ohun gbogbo tó bá jẹ mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, pàápàá fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì.

Ṣàdédé ni Linux kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Mo pa ráútà, mo tún un tàn. Mo ra dátà, mo pààrọ̀ síìmù, mo gbé kọ̀ǹpútà dé ẹnu ọ̀nà bí ẹni gbé ọmọ lọ gba atẹ́gùn. Fóònù mi rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Windows rí i, Linux nìkan ni kò rí i, inú rẹ̀ sì ni gbogbo fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ náà wà. Àwọn ọmọ tó jókòó dè mí bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, wọ́n ń gba ṣọ́ọ̀bù òdìkejì lọ. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti yí padà. Mo wí fún màmá mi pé apá ibi tí Ọ̀gá fọwọ́ kàn nìkan ló kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Wọ́n bi mí bóyá mo ṣẹ Ọ̀gá. Mo ní àfi bí inú wọn kò bá dùn pé àwọn oníbàárà kan ń ti Mowe wá bá mi. Kí n tó mọ̀, màmá mi ti wé gèlè, wọ́n ti bu ìrẹsì Ọ̀fàdà sínú ọ̀rá, wọ́n ní àwọn ń lọ bẹ Ọ̀gá. N kò dá wọn dúró. Mo tilẹ̀ ní kí wọ́n bẹ̀ wọ́n dáadáa.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo gbé fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àlàyé kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí ẹnì kan tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Windows ló ń fa gbogbo wàhálà. Ó ti ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, láti ìgbà yẹn, bí mo bá pa á, kì í kú tán. Oorun ló ń sùn, kó lè tètè jí, yóò sì mú ẹ̀yà tó ń gba Wi-Fi dání. Bí Linux bá dé, kò ní rí nǹkan kan lò. Mo wọ inú Windows, mo yọ ètò oorun yẹn kúrò, mo pa á pátápátá. Mo tan Linux, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dé. Inú mi dùn, ojú sì tì mí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní kí n pe màmá mi, àfi bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Ọ̀gá ti tú u sílẹ̀. Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, omijé ayọ̀ bọ́ lójú wọn. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà. N kò sọ ọ́. Nígbà tó di àsàlátù ọjọ́ Àìkú, wọ́n dìde jẹ́rìí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó mọ́. Ẹnu kan gbà á lẹ́nu kejì títí ó fi dé Mowe, àwọn òbí sì ń mú ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀gá. Nurat ló kẹ́yìn wọn.

Iṣẹ́ tí o rán yẹn ló gbé mi dé Mowe. Gbogbo àga tí àwa ọmọ iṣẹ́ máa ń jókòó sí ló ṣófo. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun gbogbo. Ọ̀gá bi mí bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì dúró dáadáa. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ní àwọn tú ohun tí wọn kò dè.

Wọ́n ní, “Màmá ẹ kúnlẹ̀ sórí òkúta ìta yìí, Rasheedah, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Mo ní mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, wọn ò dìde. Ìgbà tí mo ní mo ti tú u ni wọ́n tó dìde.”

Ní àsàlátù tó tẹ̀ lé e, mo dúró níwájú gbogbo wọn, mo ṣàlàyé Windows, mo ṣàlàyé Linux, mo ní èmi ni mo parọ́ mọ́ Ọ̀gá. Ìyá àgbà kan wá mi orí, wọ́n ní, “Wọ́n ti de ahọ́n ọmọ yìí náà.” Ẹlòmíràn ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Màmá mi fi ìborùn bojú, wọ́n ń sunkún nítorí mi. A máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ tèmi sáré títí, kò bá a.

Ní báyìí, bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù mi láti lọ jókòó ti Ọ̀gá, kí àwọn ènìyàn lè rí mi níbẹ̀. Ojú aláìsàn ni wọ́n fi ń wò mí. Wọn kò gba èmi gbọ́ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa gba ìwọ gbọ́. Ìwọ náà kọ́ iṣẹ́ yìí, o mọ̀ pé ohun tí mo sọ máa ń ṣẹlẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí Nurat padà. Bí Ọ̀gá kò bá rí ọmọ iṣẹ́ kankan, wọ́n máa kógbá wọlé, kò sì sí ohun tí mo lè fi dí i fún wọn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹnu wa ba ohun tí ọwọ́ wa kò lè tún ṣe jẹ́. Yóò ṣọ́ ọ, yóò ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ, a ó fi ayọ̀ ríra. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tí a jọ jẹun nínú abọ́ Ọ̀gá,
Rasheedah.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: Màmá mi ní kí n kí ọ. Wọ́n ní bí o bá wálé fún Iléyá, tí o bá yà lọ́dọ̀ Ọ̀gá, o kò gbọdọ̀ mu omi wọn. Jọ̀ọ́, Ròkíátù, mu ún. Gbé àga síta, níbi tí gbogbo ará Mowe ti lè rí ọ, kí o sì mu ún tán.