Àpótí Tí Wọ́n Rí

Abu Shagara,
Sharjah, UAE.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Bélú, 2025.

Nusirat ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, ooru ibí náà sì ti ń dínkù.

Mo rí ìwé rẹ gbà. O ní wọ́n ní Oyèwọlé àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ gbé Lọ́lá aránṣọ níyàwó, pé wọ́n rí Oyèwọlé àti ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ra àpótí ẹrù ìyàwó. Nusirat, mo sunkún. Mo bọ́ òrùka rẹ̀ kúrò lọ́wọ́, mo sì ń wá ẹni tó máa bá mi dá a padà fún un.

O mọ̀ pé mò ń kọ́ èdè Japan, torí àwọn ará Japan ló ń kó ẹ́ńjìnnì tokunbo ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ wa ní Industrial Area. Ní kíláàsì, Màdáámù Nakata tó ń kọ́ wa ní kí kálukú sọ ìròyìn ilé. Mo ní àfẹ́sọ́nà mi ń gbé ẹlòmíràn níyàwó.

"Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé o rí i?"

"Rárá, mà."

Ó ní àwọn kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun téèyàn gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, "sō desu" ni wọ́n ń fi parí ẹ̀. Ohun téèyàn rí àmì rẹ̀ tó sì fi méfò, "yō desu". Kí n tún un sọ.

Inú bí mi. Ṣé ẹkún mi ló fẹ́ fi kọ́ gírámà ni? Àmọ́ bí mo ṣe ń tún un sọ ni ojú mi là. Àpótí nìkan ni wọ́n fojú rí. Ìgbéyàwó, wọ́n méfò rẹ̀ ni. Ti Lọ́lá, ẹnu lásán ni. Ta ló bèèrè ẹni tó ni àpótí? Ṣebí èmi náà ń retí ẹrù ìyàwó! Làtífù ọ̀gá wa kì í ra ẹ́ńjìnnì tí kò bá tíì fetí ara rẹ̀ gbọ́ ìró ẹ̀. Ṣé ti ọkọ ni èmi á wá fi wọ́n-ní ṣe?

Mi ò ní bi Oyèwọlé lórí fóònù, ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ wò. Mo ti gba ìsinmi, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, òpin oṣù yìí ni mò ń bọ̀. Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnì kankan. Bá mi kí Màmá àti bàbá àwọn ọmọ.

Òrùka ti padà sí ìka mi. Tí mo bá dé, ilé ìyá Oyèwọlé ni màá kọ́kọ́ yà, màá ní kí wọ́n gbé àpótí náà jáde. Tó bá jẹ́ tèmi, èmi ni màá ṣí i. Tí kì í bá ṣe tèmi, orí àpótí náà ni màá gbé òrùka lé.

Èmi ni tìrẹ tí kò yí padà,
Tolúwalọpẹ́.