Orúkọ Mi Nínú Ìwé Ìdúpẹ́

Ojúlé Kẹsàn-án,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Dutse Alhaji,
Abuja.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Màmá Démiládé,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Bọ̀dá Ṣèyí ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti gbádùn? Olúwadémiládé náà ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun dáadáa níléèwé? Àwa níbí wà láàyè. Bánjọ ọkọ mi wà, Ànú ọmọ yín náà wà, ara wa sì le. Ẹ dákun, ẹ má bínú pé n kò gbé ìpè yín láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kọjá èyí tí èèyàn ń sọ lórí fóònù, ẹkún ni ǹ bá kàn máa sun sí yín létí.

Ẹ rántí pé ọdún keje rè é tí mo ti jókòó sórí ipò kan náà níbi iṣẹ́ wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe ìdánwò ìgbéga. Méjì àkọ́kọ́, mo yege, wọ́n ní àyè kò sí. Ìkẹta la ń dúró dè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, pásítọ̀ wa ní ìsìn Yorùbá ní kí ẹni tó bá gbàgbọ́ lọ kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìdúpẹ́ kí ohun tó ń retí tó dé. Ẹ mọ̀ mí, ta ló yára ju èmi lọ? Wọn ò tíì parí ìsìn tí mo ti dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kọ ọ́ sínú ìwé: Lydia àti ẹbí rẹ̀, ìdúpẹ́ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kejì. Ẹ̀yin náà bá mi gbàgbọ́, ẹ sì fi gèlè ránṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kìíní, mo ń wé gèlè yẹn wò níwájú dígí nígbà tí rédíò sọ pé àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan nílẹ̀ àwọn Yorùbá Okun láàárín ìsìn òwúrọ̀, wọ́n sì pa èèyàn mẹ́tàlélógún. Mo ní, "Kai! Ọlọ́run ó gbà wá." Mo yí rédíò síbi tí wọ́n ti ń kọrin, mo sì ń bá gèlè mi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn, n kò ní purọ́ fún yín.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n gbé ga mọ́ pátákó. Mo kà á látòkè, mo kà á látìsàlẹ̀, mo tún fi ìka tọ́ ọ. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Orúkọ Ọbayẹmí ni mo rí, ọmọ Okun tí a jọ wà ní ọ́fíìsì, tí a sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣáájú rẹ̀ dénú iṣẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sínú fáìlì! Mo fìbínú wọlé tọ̀ ọ́ lọ, mo kúnlẹ̀ gbì níwájú tábìlì rẹ̀, mo ní, "Ẹ kú oríire o, ọ̀gá wa tuntun! Ẹ má gbàgbé àwa mẹ̀kúnnù o!"

Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

"Oríire kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ call mi láti ilé báyìí ni. Màmá mi wà lára àwọn tí wọ́n pa ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá. Network ò sí. Mo ti ń pè wọ́n látàná."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà. N kò lè dìde. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì kò mọ̀ bóyá èmi ni kí wọ́n gbé ńlẹ̀ tàbí òun ni kí wọ́n dì mú. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, mo ń yà fún ibi tí mo kúnlẹ̀ sí yẹn.

Láti ọjọ́ náà, àdúrà kò wá sẹ́nu mi mọ́. Bí Bánjọ bá ń gbàdúrà nílé, tó dé ibi àmín, ètè mi kì í ṣí. Mo bínú sí Ọlọ́run, mo sì ń tijú ara mi. N kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ṣé àwọn tó lọ sìn ín ni kí wọ́n wá pa lórí ìjókòó? Lọ́jọ́ kan tí a ń ṣa ẹ̀wà, Ànú bi mí pé, "Mummy, ṣé God ò sí in that church ni?" Ẹ mọ̀ pé ọmọ Abuja ni, bí Yorùbá tirẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Mo ní kó máa ṣa ẹ̀wà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń rò ó lọ́kàn pé bóyá ó tó kí n fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Ànú yìí náà ló gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, torí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ka ẹsẹ Bíbélì lórí. Bánjọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja. Mo jókòó sẹ́yìn, n kò tilẹ̀ rántí ìwé ìdúpẹ́ mọ́. Àfi bí akọ̀wé ṣe gbé máíkì: "Arábìnrin Lydia àti ẹbí rẹ̀, fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́!"

Yéè! Mo dìde pé kí n sáré lọ sọ fún un kó pa orúkọ mi rẹ́. Àwọn akọrin rò pé mo ti ń jáde nìyẹn, wọ́n dá orin ìdúpẹ́. Àwọn ará ọ́fíìsì wa tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé wọn ò gbé mi ga, kò sì sẹ́ni tó dìde. Mo dúró sáàárín ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí.

Mo gbọ́ ìró bàtà lẹ́yìn mi. Ọbayẹmí ni, nínú aṣọ dúdú. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí wọ́n sin màmá rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn tó kù. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n. Màmá mi kì í jẹ́ kéèyàn nìkan jáde lọ dúpẹ́. Mo wà lẹ́yìn yín."

A jọ lọ. Nígbà tí pásítọ̀ na máíkì sí mi, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gbé mi ga. Ìgbàgbọ́ mi gan-an ló kù díẹ̀ kó já bọ́. Ẹ bá mi dì í mú." Orin dákẹ́. Ni àwọn èèyàn bá ń jáde bọ̀ lẹ́yìn wa lọ́kọ̀ọ̀kan, láìjó. Ọbayẹmí ló gbàdúrà. Ó dárúkọ màmá rẹ̀, ó dárúkọ abúlé wọn, ó dárúkọ èmi náà. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣe àmín. Ó jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

N kò ní sọ fún yín pé mo ti lóye ohun kan. Ó ṣì ń dùn mí, ẹ̀rù sì ń bà mí fún orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí a délé, mo sọ fún Ànú pé n kò mọ èsì ìbéèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé ọmọ màmá tí wọ́n pa yẹn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Ṣèyí àti Démiládé. Gèlè yín ṣì wà nínú páálí.

Láàárọ̀ àná, mo padà lọ síwájú tábìlì Ọbayẹmí. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́sí. Mo kọ́kọ́ kí i kú ìrọ́jú, lẹ́yìn náà mo kí i kú oríire. Ó ṣe àmín sí méjèèjì.

Èmi ni àbúrò yín tó ṣì ń ṣe àmín,
Lydia.