Ẹ̀bẹ̀ Nípa Bátìrì Tí Wọ́n Ń Ṣáájì Jù Lábẹ́ Ilé Wa

Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹwàá.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ààbò Ilé àti Ìsọ̀,
Ilé Iṣẹ́ Panápaná.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

YÀRÁ ÌṢÁÁJÌ BÁTÌRÌ TÓ TÚN ṢÍ LẸ́YÌN IKÚ ỌKỌ MI

1. Aránṣọ ni mí. Ọkọ mi, onígbàjámọ̀ tí àdúgbò ń pè ní Aláwàdà, kú nínú iná tó sọ nísàlẹ̀ ilé wa lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti kun yàrá náà lọ́dà báyìí, ọkùnrin tó ń ṣáájì bátìrì níbẹ̀ sì ti padà.

2. Kì í ya bátìrì sọ́tọ̀. Ti ínfátà tó ní ásíìdì nínú, ti fóònù, ti alùpùpù tí kì í lo epo, ẹ̀rọ kan náà ló fi ń ṣáájì gbogbo wọn. Bí wọ́n bá kún, kì í yọ wọ́n. Ó gbà pé bí wọ́n bá ṣe pẹ́ lórí iná tó ni agbára wọn ṣe ń pọ̀ tó. Àwọn olómi a máa hó, òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ a sì gba àárín pákó wọlé wá bá wa. Àwọn ti alùpùpù a máa wú.

3. Lọ́jọ́ tí iná náà sọ, ọ̀sán ni, òjò ń rọ̀, wọ́n ti gbogbo fèrèsé ìsàlẹ̀ pa. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, jẹ́jẹ́: “Ọ̀rẹ́, yọ eléyìí, ó ti wú.” Ìbúgbàù ni mo tún gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ yín ṣàlàyé pé bátìrì alùpùpù ló kọ́kọ́ gbiná, tí iná sì ran afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára àwọn olómi. Ìdí súìṣì ni wọ́n ti bá ọkọ mi, ó ṣì nawọ́ sí i.

4. Láti ìgbà náà ni òórùn yẹn ti ń bá mi nídìí máṣíìnì. Bí mo bá bi àwọn oníbàárà léèrè, wọ́n á ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á sì wojú ara wọn. Mo ti gbà pé ọkàn mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, òórùn náà tún dé. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin mi ló gbójú sókè tó ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ òórùn yẹn?”

5. Mi ò fẹ́ kí ebi pa ọkùnrin náà. Ó wá bẹ̀ mí, ó sọkún, kò sì níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ gbé iṣẹ́ náà kúrò lábẹ́ ibi tí èèyàn ń sùn, ẹ sì mú kó máa lo ẹ̀rọ tó bá bátìrì kọ̀ọ̀kan mu, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Bí ẹ kò bá ní lè wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, kí n lè wá ibi tí ọmọ mi yóò máa sùn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aránṣọ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ìyàwó Aláwàdà.